Gáwùn Tí Kò Bá Mùjíbátù Mu

Lọ́jọ́ tí lọ́rì àwọn tó ń ti Gánà bọ̀ dúró sí Olódò nítòsí Ìbàdàn, lápá ìparí ọdún 1969, ẹsẹ̀ Àpèkẹ́ aránṣọ kúrò lórí maṣíìnì rẹ̀. Ìjọba Gánà ti lé àwọn àlejò, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ tàánútàánú: àwọn bàbá nínú agbádá tó ti pọ́n mọ́ wọn lọ́rùn, àwọn ìyá tó gbé páànù ńlá sórí. Ẹnì kan péré ni Àpèkẹ́ ń wá nínú wọn, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun ò ní dá a mọ̀.

Mùjíbátù ọmọ rẹ̀ ni. Nígbà tí ìgbéyàwó Àpèkẹ́ àti Sàníù tú ká, bàbá ló lọmọ. Sàníù gbé ọmọ ọdún mẹ́rin lọ sí Kùmásí ní Gánà. Látìgbà náà, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, Àpèkẹ́ á rán gáwùn kan, á fi rán àwọn oníṣòwò tó ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń wọn ẹni tí kò sí nílé? Ọmọ Hàjàrá, aládùúgbò rẹ̀, tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Mùjíbátù, ló ń pè sí ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń wọ̀n.

"Àpèkẹ́, ọmọ ọlọ́mọ mà lò ń wọ̀n o," Hàjàrá a máa wí. "Ìka ò dọ́gba."

"Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ohun tó bá wọ ọ̀kan á wọ èkejì."

Ọmọ Hàjàrá yìí kì í sì í fi ẹ̀bà ṣeré! Láti Kùmásí, "Wọ́n ní ẹ ṣeun" nìkan ló ń padà bọ̀. Àpèkẹ́ ò fẹ́ ọkọ mìíràn. Òun nìkan ló ń sè, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́, á sì máa rò ó bóyá gáwùn náà yẹ ọmọ òun.

Ọmọbìnrin kan tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, ló sọ̀kalẹ̀ kẹ́yìn, maṣíìnì kékeré ọlọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àpèkẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi júwe ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. "Ṣé ìwọ ni Mùjíbátù?"

"Èmi ni, mà. Bàbá mi ti ṣaláìsí. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí n wá yín."

Àpèkẹ́ fà á wọ ṣọ́ọ̀bù. Gáwùn Iléyá tó ń bọ̀ ló mú, ó gbé e wọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ ì bá gba èèyàn méjì. Hàjàrá tó tẹ̀lé wọn wọlé bú sẹ́rìn-ín, Àpèkẹ́ bú sẹ́kún.

"Àwọn ti àtẹ̀yìnwá ńkọ́?" Àpèkẹ́ bi í.

"Kò séyìí tó bá mi mu rí, mà. Ṣe ni mo máa ń tú wọn. Màá tẹ́ ẹ sílẹ̀, màá wo bí ẹ ṣe gé e, màá wá tún un rán sí ìwọ̀n ara mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mi ò ní ọ̀gá mìíràn, ẹ̀yin ni."

Àpèkẹ́ fa tépù yọ. Ó wọn èjìká, ó wọn apá, ó wọn ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ kò sí aṣọ tó fẹ́ gé; ó kàn fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ ni. Ìgbà tó dé ọrùn ni ọmọ náà pè é ní "Ìyá mi."

Lónìí, Mùjíbátù ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà. Àpèkẹ́ ti lọ tipẹ́, ìgboro Ìbàdàn sì ti gbé Olódò mì. Ishaq, ọmọ kan ṣoṣo tí Mùjíbátù bí, ti kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Kánádà, ilé pa lọ́lọ́. Bí bàálù bá ń kọjá láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Alákìá, màmá á gbójú sókè, á tún tẹjú mọ́ iṣẹ́.

Iléyá ń bọ̀. Ó pe Humairah, ọmọ aládùúgbò, ó ń fi tépù wọ̀n ọ́n nítorí Kifayah ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n pe bọ̀dá Ishaq lórí fóònù," Humairah wí. "Wọ́n á sọ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an fún wa."

Màmá mirí. "Fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kó bá a mu."

Ó gé aṣọ náà fẹ̀ dáadáa. Nígbà tó rán an tán, ó gún abẹ́rẹ́ kan tòun tòwú mọ́ ọn létí, ó sì dì í.