Ráàkì Pupa àti Ọmọ Odó Yèyé

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mì í mọ́!"

Ohùn jẹ́jẹ́ ni Fọláwùnmí fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Inú ìsọ̀ Bọ̀dá Adébíyìí ni wọ́n wà, lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde láti Adó lọ sí Ìyìn, níbi tí wọ́n ti ń ta irin ìdárayá. Yèyé, ìyá àgbà rẹ̀, ti ká ìró sókè, ó fọwọ́ méjèèjì di ráàkì pupa kan mú, ó sì ń mì ín síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ fa igi ẹ̀gẹ́ tu.

"Bí mo ṣe ń ra odó nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ní Ìgèdè," ni Yèyé wí. "N kì í wo ọnà ara rẹ̀, udí rẹ̀ nísàlẹ̀ ni mo máa ń wò. Odó tí udí rẹ̀ bá ń jó, ilẹ̀ ni yóò jẹ iyán inú rẹ̀."

Oore-ọ̀fẹ́, ọ̀rẹ́ Fọláwùnmí tó tẹ̀ lé wọn wá, fi fóònù bojú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Fọláwùnmí, gbígbé irin ló sì yàn láàyò. Wọ́n ti mú un mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gbé irin fún Èkìtì. Inú àbúrò ìyá rẹ̀, Kọ́láwọlé, dùn débi pé ó ní kó lọ yan ráàkì tó bá wù ú, kó lè máa ṣe ìdánrawò nílé. Òpó irin ni ráàkì yìí. Orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ọ̀pá irin tó wúwo lé, kí ẹni tó fẹ́ gbé e tó wọ abẹ́ rẹ̀, kó gbé e lé èjìká, kó lóṣòó, kó sì tún dìde.

Méjì ló wà ní ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Àkọ́kọ́ pupa fòò, ó ga, ó ń dán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ̀, ó sì ń jó lọ́wọ́ Yèyé. Èkejì dúdú, ó rí gìrìgbì, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó fẹ̀ dáadáa àti apá irin méjì tí yóò gba ọ̀pá náà bó bá fẹ́ bọ́ lulẹ̀. Yèyé mì ín títí, kò mira.

"Èyí kò lẹ́wà," ni Yèyé wí, ó ń fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. "Bàbá àgbà rẹ náà kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó dúró tì mí."

Bọ̀dá Adébíyìí bú sẹ́rìn-ín. Oore-ọ̀fẹ́ ní tirẹ̀ sún mọ́ etí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Fọlá, pupa yẹn ló máa jáde nínú fọ́tò o. Gbogbo kíláàsì ló máa rí i."

Fọláwùnmí wo dúdú, ó wo pupa. Ó mọ èyí tó dára jù, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n ojú kíláàsì ló ń rò. "Pupa ni mo fẹ́," ló wí.

Yèyé tú ìró tó ti ká sókè sílẹ̀. "Ìwọ ló fẹ́ lò ó, ọmọ mi."

Wọ́n gbé ráàkì náà sí fàráńdà ẹ̀yìn. Fàráńdà yìí da gẹ́rẹ́ díẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn jáde, bí ráàkì sì ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Fọláwùnmí fi páálí sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, páálí fọ́. Ìgbà tó wo ọ̀tún wo òsì, ó rí ọmọ odó Yèyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó fi orí ọmọ odó náà há abẹ́ ẹsẹ̀ ráàkì, ráàkì sì dúró ṣinṣin. Ó rò ó lọ́kàn pé òun yóò dá a padà kó tó di ọjọ́ Àìkú tí wọ́n máa ń gúnyán.

"Ṣé kì í mì?" ni Yèyé bi í lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Kò mì rárá, Yèyé."

Oore-ọ̀fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, ó sì jáde lóòótọ́. Gbogbo kíláàsì ló yìn ín, orí Fọláwùnmí wú, ó sì gbàgbé ọmọ odó pátápátá. Ní ọjọ́ Sátidé, ó ṣe ìdánrawò tán, ó fi ọ̀pá irin àti gbogbo irin wúwo tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ lórí ráàkì.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé láti ibi Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, Yèyé gbé uṣu iyán kaná. Uṣu jinná, ó wá ọmọ odó tì. Ìgbà tó yọjú sí fàráńdà, ó rí i lábẹ́ irin. "Háà, ta ló ti ọmọ odó mi mọ́bẹ̀?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á yọ.

Fọláwùnmí ń pààrọ̀ aṣọ nínú yàrá nígbà tó gbọ́ ariwo gbì! Ó sáré jáde. Ráàkì ti dojú bolẹ̀. Yèyé wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú. Ọ̀pá irin náà kò jìnnà sí orí rẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Yèyé mi! Yèyé mi o!" Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún.

Ilé ìwòsàn tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé Yèyé lọ. Ọwọ́ náà kò kán, ó rọ́ ni. Ìyá Fọláwùnmí ń di báńdéèjì lé e, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Mo kọsẹ̀ ni," ni Yèyé yára dáhùn, kò wo ibi tí ọmọ ọmọ rẹ̀ wà.

Inú rere yẹn dun Fọláwùnmí ju ẹgba lọ. Ó lè dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀.

"Yèyé kò kọsẹ̀ o, mọ́mì. Mo mọ̀ láti ìsọ̀ pé ráàkì yẹn ń mì. Èmi ni mo fi ọmọ odó wọn tì í, mo sì parọ́ fún wọn. Yèyé, ẹ dárí jì mí."

Ìyá rẹ̀ bá a wí dé ibi tó yẹ. Yèyé ní tirẹ̀ na ọwọ́ òsì, ó nu ojú rẹ̀. "Èmi náà mọ̀ pé ó ń mì, àfi pé n kò mọ̀ pé ọmọ odó mi ló gbé e dúró. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni."

Nígbà tó yá, wọ́n padà sí ìsọ̀. Bọ̀dá Adébíyìí gba pupa, ó ní wẹ́dà òun tí ń jó irin yóò fẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí òun tó tún tà á. Oore-ọ̀fẹ́ náà wà níbẹ̀. Lójú rẹ̀ àti lójú gbogbo oníbàárà, Fọláwùnmí ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó di ráàkì dúdú mú, ó mì ín tagbáratagbára.

"Tún un mì," ni Yèyé wí.

Ó tún un mì. Kò mira.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Fọláwùnmí nìkan ló gún iyán ilé. Yèyé jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n so kọ́ ọrùn rẹ̀. Ó tọ́ iyán wò, ó rojú.

"Kókó wà níbẹ̀," ló wí. "Ìwọ tó fẹ́ gbé irin fún gbogbo Èkìtì!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, Fọláwùnmí sì tún gbé ọmọ odó láti gún un sí i. Ó ti kọ́ ọgbọ́n tí kò ní í gbàgbé: ohun tí a bá tijú láti mì lọ́jà, ilé ló ti máa ń wó, orí ẹni tó fẹ́ràn wa jù ló sì máa ń fẹ́ wó lé.