Epo Ò Tíì Dókè

Ọjọ́ tí Oyèníyì kọ́kọ́ rí Lábísí, sípánà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó já lù ú lẹ́sẹ̀, kò sì mọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹwà ọmọge náà pọ̀ débi pé gbogbo ọlọ́kadà tó wà ní títì Àkúrẹ́ sí Bìní ló gbàgbé ibi tí wọ́n ń lọ.

Lábísí ní ẹ́ńjìnnì mọ́tò bàbá òun ló ń dún bí ẹni ń gún iyán nínú garawa. Oyèníyì ní kó fọkàn balẹ̀. Láti Ọ̀wọ̀ dé Bìní, kò sí mẹkáníìkì bíi tòun. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti sin pàápàá, tó bá gbọ́ ohùn òun, á jí.

"Ṣé ẹnu lẹ fi ń tún mọ́tò ṣe ni?"

"Rárá o, àǹtí. Ẹnu ni mo fi ń wá ìyàwó."

Lábísí rẹ́rìn-ín, ó bá tán fún Oyèníyì.

Ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un tò. Tí Lábísí bá ti kúrò nílé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, ó di orí táyà ní ìsọ̀ Oyèníyì. Á máa béèrè tibí, á máa béèrè tọ̀hún, Oyèníyì náà á máa ṣàlàyé bí ẹni pé òun ló bí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe mọ́tò. Ó ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, inú ẹ̀ gbẹ. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i, kó jẹ́ kó máa yí láì gbaná, títí epo ẹ́ńjìnnì á fi gun òkè. Tó bá gbaná ní gbígbẹ, irin á máa jẹ irin.

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. "Níyì mi" ni Lábísí ń pè é. "Oyin mi" lòun náà ń dá a lóhùn.

Ignatius, bàbá Lábísí, ni ò fẹ́ gbọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Àgùdà paraku. Ó ní ẹnu ọmọkùnrin yẹn gùn ju títì Bìní lọ, òun ò sì lè fọmọ fún ẹni tí kì í gbọ́ ti ẹlòmíì. Ó wá là á sílẹ̀: tí mọ́tò náà bá gbé òun dé oko kòkó òun ní Okeluse, tó sì gbé òun padà láì dún bíi ti tẹ́lẹ̀, òun á gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Tó bá nọ́ọ̀kì, tó dáṣẹ́ sílẹ̀, kí Oyèníyì má yọjú sílé òun mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, gbogbo ará ilé Lábísí gbé àga jáde wá wòran. Oyèníyì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ẹ̀ẹ̀kan lòun máa fọwọ́ kàn án, á ké bí ọmọ tuntun. Ó wọ inú mọ́tò bí ọba tó ń gun orí ìtẹ́, ó di kọ́kọ́rọ́ mú.

Lábísí na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó di ọwọ́ Oyèníyì mú.

"Níyì, epo ńkọ́?"

Ara Oyèníyì tutù. Fáàrí ti jẹ́ kó gbàgbé. Tó bá yí i, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un báyìí, ẹ́ńjìnnì á sì dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́nà Okeluse. Tó bá sọ̀kalẹ̀, ojú á tì í níwájú àna.

Ó sọ̀kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé nǹkan kan. Lábísí ló rán mi létí. Ẹ jẹ́ kí epo dókè ná."

Adégbénga, àbúrò Bàbá, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní ṣé ajíǹde òkú ọ̀hún ti di ọ̀la ni. Oyèníyì ò fèsì, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ó ní kí Lábísí máa yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì ń yí lásán. Irin òkè gbẹ. Wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún yí i. Ó ṣì gbẹ. Bàbá wo aago.

Ìgbà tó yá, epo yọ lára irin, ó ń dán bí oyin ìgàn.

"Iná epo tó ń tàn níwájú mi ti kú!" Lábísí pariwo látinú mọ́tò.

Oyèníyì dá gbogbo ẹ̀ padà. Lábísí yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì gbaná. Ohùn ẹ̀ tutù débi pé adìẹ tó ń sàba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò la ojú.

Wọ́n lọ sí Okeluse, wọ́n bọ̀. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

"Ẹ́ńjìnnì náà dáa. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ni mo ti rí ohun tí mò ń wá. Ọmọ mi dá ẹ dúró lójú gbogbo ayé, o sì dúró. Sọ fáwọn èèyàn ẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Mọ́tò yẹn náà ló gbé wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ayọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ lókè òkun. Oyèníyì di kọ́kọ́rọ́ mú, ó kọ́kọ́ wo ojú ìyàwó ẹ̀.

"Oyin mi, ṣé kí n yí i?"

"Yí i, ọkọ mi. Epo ti dókè."