Ìlà Kan Nínú Lẹ́tà

Ẹ̀ẹ̀meje ni Akọ̀wé ti kọ lẹ́tà náà tó sì pa á rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Akọ̀wé sì ni gbogbo kíláàsì ń pè é, torí pé ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti ń kọ ìwé ìtàn kan nípa wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn. Ìwé ti parí. Ó ku lẹ́tà ojú ewé kan sí obìnrin kan tó jẹ́ aṣojú òǹkọ̀wé, ẹni tó máa ń bá wọn wá ilé iṣẹ́ tí yóò tẹ ìwé wọn jáde.

Ní ibi ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹnudùn ka lẹ́tà náà, ó sì yínmú.

"Ibi tó o ti sọ ìtàn náà dáa, kò gùn jù. Àmọ́ wo ibí yìí: 'Ìyá mi ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn.' Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?"

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Mo mọ̀. Sọ pé dókítà ni màmá ẹ, obìnrin náà á gbà pé o mọ ohun tó ò ń kọ."

Akọ̀wé rántí ọwọ́ ìyá rẹ̀, bí oògùn ìfọlẹ̀ ṣe bó o. Ojú tì í. Ó tẹ "dókítà" síbẹ̀, ó kọ nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ torí kò ní fóònù tirẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú orí kìíní ìwé náà kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Sátidé, ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ nígbà tí fóònù dún.

"Dókítà kẹ̀? Rárá o, mà, ẹ ṣi nọ́ńbà pè. Agbálẹ̀ ni mí." Ó tẹ́tí sí i. Ó yíjú wo Akọ̀wé. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi ni... Ó ti yé mi. Ẹ ṣeun, mà."

Ó gbé fóònù lé orí aṣọ. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Obìnrin tó o kọ lẹ́tà sí ni wọ́n. Wọ́n ní ìtàn rẹ wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n fẹ́ gba àṣẹ lẹ́nu òbí rẹ, torí ọmọdé ni ọ́. Dókítà ni wọ́n ń wá."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Ta ló ń sọ fún ẹ bí wọ́ọ̀dù ṣe máa ń rí láàárọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Nígbà tó ò ń béèrè, agbálẹ̀ ni mí. Nígbà tó o fẹ́ kọ lẹ́tà, mo di dókítà."

Akọ̀wé kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ní ọjọ́ Ajé, ó kọ lẹ́tà mìíràn, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò fi han Ẹnudùn.

Èsì dé kíákíá: "Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni àwọn atẹ̀wé fi ń gbà mí gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ rẹ kò bá dá mi lójú, mi ò lè ṣojú fún ọ. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé o jẹ́wọ́. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ìwọ̀nba tí mo kà kò jọ ìtàn dókítà rárá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ti tẹrí ba wo ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ló ti wá, ohun tó sì jẹ́ kó dùn nìyẹn."

Akọ̀wé kà á fún ìyá rẹ̀. Ìyá mí kanlẹ̀. "Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó jọ." Ó fa àga kan sún mọ́ ọn. "Jókòó. Ka ìwé náà fún mi."

Ó kà á títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá dá a dúró: "A kì í fún aṣọ ìnulẹ̀ báyẹn. Tún un kọ." Ó tún un kọ.

Obìnrin aṣojú náà kò pè mọ́. Akọ̀wé pàdánù ilẹ̀kùn tó ti fẹ́ ṣí, irọ́ kan ṣoṣo ló sì tì í. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ kí ayé lè gbà á, ẹlòmíràn ni ayé gbà, kì í ṣe òun.