Eré Kì Í Ṣe Ààwẹ̀ Tí À Ń San Padà

"Bàbá Haneefah, ẹsẹ̀ ọmọ yìí ò dáa o!"

Hàwáwù, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá iwájú nínú agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú. Haneefah, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé láti Tinúbú ni, ó ń tiro. Ìdíje ìpínlẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta.

Jíbrílù, bàbá rẹ̀, tó ń kọ́ ọ léré, ti bu òrí sọ́wọ́, ó ń wọ́ ojúgun ọmọ kíkankíkan.

"Ara ríro lásán ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀," Haneefah fèsì. "Dádì ní mi ò sáré tó nínú Ràmàdáánì, ká san án padà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, lórí títì ọlọ́dà."

"Ṣé irọ́ ni?" Jíbrílù ní. "Ẹni tí ààwẹ̀ bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ṣebí ó ń san án ni!"

Hàwáwù fi ìka kan ṣoṣo tẹ ojúgun náà.

"Yéè!"

"Ẹ gbọ́ yẹn? Ojú kan ló ti ń dùn ún. Ara ríro máa ń kárí ẹsẹ̀ ni, á sì lọ bí èèyàn bá sinmi. Èyí jọ egungun tó ti ń sán." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Haneefah, nǹkan oṣù ẹ ńkọ́?"

"Mi ò rí i láti oṣù mẹ́ta."

Jíbrílù fò dìde. "Ta ló fún un lóyún?"

"Ẹ jókòó, jàre! Kí eré pọ̀ ju oúnjẹ lọ náà máa ń dá a dúró, kì í sì í jẹ́ kí egungun lágbára. Dókítà ló máa wádìí ẹ̀, kì í ṣe ariwo yín."

"Sátidé wá ńkọ́?"

"Ẹni tó ń ṣàìsàn, Ọlọ́run gan-an ní kó fi ààwẹ̀ sílẹ̀ ná. Ṣé ẹ̀yin le ju Ọlọ́run lọ ni?"

Jíbrílù nu òrí ọwọ́ rẹ̀ nù, ó lọ wọ ṣòkòtò kí wọ́n lè lọ sọ́sibítù.

Oyún kọ́. Àwòrán tí wọ́n yà lọ́sibítù fi hàn pé egungun ti sán, tínrín bí irun. Ká ní ó sáré ní Sátidé, egungun náà lè kán pátápátá. Dókítà ní kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Haneefah sunkún, ṣùgbọ́n ó sinmi.

Ní báyìí, orí koríko ló ti ń sáré, díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń pariwo báyìí: "Ó tó! Wá jẹun!"

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin kóòṣì, ẹ gbọ́ o. Ìrora ojú kan tó ń le sí i bí ọmọ bá ti ń sáré, ẹ má pè é ní ìmẹ́lẹ́. Ẹ dá eré dúró, ẹ má wọ́ ọ, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù. Bí àwòrán àkọ́kọ́ ò bá fi nǹkan kan hàn, tí ìrora ò sì lọ, ẹ padà lọ. Bí ara bá yá, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi kún eré. Ẹ bọ́ ọmọ yó, ẹ fún un lọ́jọ́ ìsinmi. Ìdíje mìíràn ń bọ̀; ẹsẹ̀ tó máa sáré níbẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú.