Ohun Tí Ẹ̀rọ Kà Nínú Omi

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá pè é ní irọ́, mi ò ní bá a jà. Èmi náà ì bá fẹ́ kó jẹ́ irọ́.

Obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò. Afínjú ni wọ́n ń pè é. Tó bá fọwọ́ tán, á tún un fọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ní ọṣẹ ni wọ́n máa fi kan pósí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi itọ́ aláìsàn sínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìwé. Bí fáírọ́ọ̀sì yẹn bá ṣe ń pẹ́ nílé ayé ni lẹ́tà rẹ̀ ń yí padà, bíi méjì lóṣù. Ibẹ̀ ni Afínjú ti ń mọ èyí tó bí èkejì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, itọ́ ìyá tó bí i lọ́mọ ló fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti ya ìyá náà sọ́tọ̀ nílé ìwòsàn. Bí èsì bá mọ́, ó ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní kí Afínjú gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Ó ní ta ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tòun.

Ìgò kékeré mẹ́ta ló tò. Itọ́ ìyá rẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Itọ́ ti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀kẹta, omi lásán. Omi yẹn ni ẹlẹ́rìí. Bí ẹ̀rọ bá rí nǹkan kan níbẹ̀, a jẹ́ pé ìdọ̀tí ti wọ iṣẹ́.

Gbogbo ilé dákẹ́. Fìríìjì nìkan ló ń kùn.

Nígbà tó ṣe, èsì dé. Itọ́ àárọ̀ mọ́ tónítóní. Inú Afínjú dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá wo ti omi. Fáírọ́ọ̀sì kún ibẹ̀.

Ó da omi náà nù. Ó nu tábìlì, ó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, ó já ìdérí ìgò omi tuntun. Fìríìjì dákẹ́ lójijì. Ó tún iṣẹ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kan náà ló tún bá nínú omi.

Ó wo ìran tó ti wá. Ọmọ fáírọ́ọ̀sì ìyá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà méjìdínláàádọ́ta ló ti yí padà lára rẹ̀. Méjì lóṣù. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún méjì ni. Àìsàn tí kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ ti bí ọmọ ọlọ́dún méjì. Afínjú tẹ ọ̀gá rẹ̀ láago.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Omi ni ò mọ́."

"Lọ́wọ́ ìwọ Afínjú?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀gá."

"Bóyá itọ́ ẹ ló ta sí i. Wò ó bóyá àbùdá èèyàn wà níbẹ̀, kó o fi wé tàwa òṣìṣẹ́."

Gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló fi àbùdá ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ba iṣẹ́ jẹ́. Afínjú fi wé e. Orúkọ kan ṣoṣo ló jáde.

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ó tán náà. Yẹ ara ẹ wò, kó o lọ mú màmá wálé."

Ó yẹ ara rẹ̀ wò. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan lára rẹ̀. Ẹni inú omi nìkan ló ní in, òun náà sì lẹni inú omi. Àbí ara rẹ̀ ti ọdún méjì sí òní ni omi náà fi hàn án?

Fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Mo ti di ẹrù mi o. Ṣé mo ti mọ́?"

"Ẹ ti mọ́, màámi."

"Kí ló wá ṣe ohùn ẹ?"

"Ó rẹ̀ mí ni, mà."

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ló ti bá ìyá rẹ̀, pẹ̀lú báàgì kan. Ó ti rù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láìwọ ìbọ̀wọ́. Ìyá náà na apá méjèèjì sí i. Afínjú dúró gbọnin. Ẹ̀rù ìyá tó bí i lọ́mọ ń bà á, ìtìjú ẹ̀rù náà sì ń pa á.

"Ṣé o ò ní dì mọ́ mi ni?"

Ó dì mọ́ ọn. Ara ìyá náà gbóná díẹ̀, bóyá oòrùn ni.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ rèé. Ara àwọn méjèèjì le. Oṣù mẹ́rin ló kù kí ọdún méjì pé. Afínjú ò tíì yẹ ara rẹ̀ wò láti ọjọ́ náà.