Ta Ni Yóò Gbọ́ Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá?

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ìkìrun, ó sì ṣojú mi. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo kọ́, òun náà ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Iníṣà. Kì í rọrùn fún mi láti gba ohun tí n kò dán wò gbọ́. Mo dán èyí wò. Ibi tí ìdánwò náà gbé mi dé ni n ó sọ. N kò ní fi ìtumọ̀ tí n kò ní kún un.

Nígbà tí a gbọ́njú mọ Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá, wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ kan ni wọ́n ní. Ìwé ni wọ́n máa ń dì sẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń gbé láti Ìkìrun lọ sí Iníṣà, láti Iníṣà lọ sí Òkukù, tí wọ́n ń yá ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà. Bí òjò bá ká wọn mọ́ ọ̀nà, wọn a bọ́ agbádá, wọn a fi wé ìwé, wọn a sì wọ̀lú tàwọn ti ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó tutù rinrin. Wọ́n tún máa ń kàwé bí wọ́n bá ń fẹsẹ̀ rìn. Bí Bàbá bá dúró sí àárín títì láti parí ojú ìwé kan, ọlọ́kadà tó ń bọ̀ a pa alùpùpù rẹ̀, a dúró.

“Bàbá, ṣé ọ̀tá inú ìwé yẹn ò tíì kú ni?”

“Ó ku díẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún un.”

Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni àkókò Bàbá gan-an. Nígbà tí oòrùn bá mú kí àdúgbò pa rọ́rọ́, wọn a jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, wọn a máa kàwé sókè fún ìyàwó wọn, nítorí pé ojú Mama ti fọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ a jókòó sábẹ́ fèrèsé níta. Ibẹ̀ ni èmi náà ti kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwé ń jẹ́.

Ọmọdé kì í kú nínú ìwé tí Bàbá bá kà. Àwa kò mọ̀ pé wọ́n ń yí i padà ni. Ní ọdún kan, olùkọ́ wa fún wa ní ìdánwò lórí ìtàn kan. Gbogbo àwa ọmọ àdúgbò yẹn la kọ ọ́ pé ara ọmọ inú ìtàn náà yá, pé ó jókòó, ó sì mu ẹ̀kọ gbígbóná. Nínú ìwé, ọmọ náà ti kú. Olùkọ́ náà wá bá Bàbá nílé.

“Bàbá, ẹ ti ba àwọn ọmọ mi jẹ́. Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ ohun tí ìwé sọ.”

“Kí ló dé tí ẹ wá kà á báyẹn?”

Bàbá na ìwé náà sí i. Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí Mama tó jókòó nínú ilé. “Ó yá. Ìwọ lọ kà á fún un.”

Olùkọ́ náà kò gba ìwé. Àwọn àgbà ló wá sọ fún wa lẹ́yìn náà pé Bàbá àti Mama ti bí ọmọbìnrin kan rí, Ìrètí, àti pé ibà ló pa á kí wọ́n tó bí Ayọ̀díjí.

Bàbá kú nígbà ọyẹ́. Àwọn ọlọ́kadà Ìkìrun sìn wọ́n dé itẹ́ òkú. Wọn kò tan alùpùpù. Wọ́n ń tì í ni. A kò gbọ́ ju ìró ẹsẹ̀ àti ti táyà lórí yangí lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìwé padà láti Òkukù, láti Iníṣà, wọ́n ń tò ó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí Ayọ̀díjí pè mí láti Ìbàdàn, níbi tó ń gbé.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn ará àdúgbò ní Mama ń dá rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wádìí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ ìdí nǹkan. Bí orí wọn bá ti ń dàrú, n ó gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi.”

“Bí orí wọn bá pé ńkọ́?”

“Kí wọ́n máa gbé ilé wọn nìyẹn.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyẹn. Ohun tí mo bá rí ni yóò sọ bóyá Mama yóò wà nílé wọn tàbí wọn yóò kúrò.

Mo lọ lọ́sàn-án. Mama wà lórí àga wọn, wọ́n kọjú sí àga Bàbá tó ṣófo. Òórùn ìwé àtijọ́ àti ti káńfọ̀ gba inú iyàrá. Ẹ̀rọ ìlọta kan ń dún lọ́ọ̀ọ́kán. Ó dákẹ́. Mo fẹ́ kí Mama, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

“Rọra, Dàmọ́lá. Bàbá Ìrètí ń kàwé.”

Mo dẹtí. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mama yí orí díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó pẹ́ kí ọwọ́ wọn tó padà sí orí itan.

“Ó ti ṣíwọ́,” ni wọ́n wí. “Ṣé o ti jẹun?”

Ìrántí ni, mo wí fún ara mi. Kò sí ìwé kan nínú ilé yẹn tí Mama kò tíì gbọ́ rí. Nítorí náà, ìwé tí Bàbá kò lè mọ̀ láéláé ni mo nílò. Mo ra ìtàn kan ní Òṣogbo, tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú Bàbá. N kò ṣí i. Mo fi ọ̀rá wé e, mo lẹ ọ̀rá náà pa, mo buwọ́ lu ojú ibi tí mo lẹ̀. N kò sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé e lé àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá, mo sì lọ.

Nígbà tí mo padà wá, ọ̀rá náà wà bí mo ti fi í sílẹ̀. Ìbuwọ́lù mi kò yẹ̀.

“Ìwé tí o mú wá yẹn dára,” ni Mama wí. “Aláró kan ní Ṣakí. Àánúolúwa ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ́, ọmọ tí kì í gbọ́ràn. Kó má dé ẹ̀bá kànga, kò gbọ́. Ó sì jìn sí i. Àyà mi já, Dàmọ́lá! Ṣùgbọ́n wọ́n fi okùn fà á jáde. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó ní ebi ń pa òun.”

“Ta ló kà á fún yín, mà?”

“Ìwọ náà mọ̀ ọ́n.”

Mo fa ọ̀rá náà ya níbẹ̀. Mo ń kà á wúyẹ́wúyẹ́. Aláró. Ṣakí. Àánúolúwa. Mo ṣí i títí mo fi dé ibi kànga. Nínú ìwé, okùn kò tó. Ọmọ náà kò jáde láàyè.

Ara kọ́kọ́ tù mí. Mo ní, Mama ti ṣì í. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó dáadáa. Bí ẹnì kan bá jí ìwé náà kà fún Mama, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò kà. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé tó lè fa ọmọ yẹn jáde nínú kànga.

“Dàmọ́lá,” ni Mama wí. “Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni, mà.”

Mo pe Ayọ̀díjí. Mo ní orí ìyá rẹ̀ pé.

“Ta ló wá ń bá wọn sọ̀rọ̀?”

“N kò mọ̀.” Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pe méjì.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí níkẹyìn, “mo ní kí ẹ lọ wo àìsàn, ẹ̀yin náà ti kó o.”

Ó wá gbé Mama lópin ọ̀sẹ̀ náà. Mama di òpó ilẹ̀kùn mú.

“Ta ni yóò máa gbọ́ ọ?”

“Mama, Bàbá ti lọ.”

“Ṣé èmi lò ń sọ ìyẹn fún, Ayọ̀díjí? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa ojú rẹ̀ dé.”

Ayọ̀díjí ń tú ìka wọn kúrò lára òpó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń sunkún bó ti ń tú u.

Mo lọ sí Ìbàdàn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Mo mú ìwé tuntun mìíràn lọ. Ọ̀rá kan náà, ìbuwọ́lù kan náà, àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ibi tí a wà nìkan ló yàtọ̀. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo padà wá nígbà tó ṣe. Mama ti rù. Oúnjẹ wà ní ìdérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ti tutù.

“Kí ló wà nínú ìwé yìí, mà?”

Wọ́n fi ọwọ́ pa ọ̀rá náà. “N kò mọ̀. Kò sí ẹni tó kà á fún mi.”

Ó yẹ kí inú mi dùn. Èsì náà ṣe kedere: ilé ni, kì í ṣe orí Mama. Inú mi kò dùn.

“Dàmọ́lá,” ni wọ́n wí, “bá mi lọ jókòó tì í. Ẹni tó ń kàwé tí kò rí ẹni gbọ́, bó pẹ́ bó yá, yóò pa ìwé dé.”

Ayọ̀díjí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́. Òun ló fi kọ́kọ́rọ́ ilé Ìkìrun lé mi lọ́wọ́.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń jókòó lórí àga Mama lọ́sàn-án nìyẹn. Mo gbé ìwé tí mo mú bọ̀ láti Ìbàdàn lé àpótí Bàbá, nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo ṣí fèrèsé. N kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi náà fẹ́ gbọ́. Ohùn yẹn ni mo fi mọ ayé, mo sì ti ń wá a láti ìgbà ọyẹ́. Ìró pákó òrùlé ni mo ń gbọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ Ọmọ́jọlá, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri ilé náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ó pẹ́. Ọmọ́jọlá yọjú ní fèrèsé, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ káàsán, sà. Kí ló dé tí ẹ ṣíwọ́? Ibẹ̀ ti wá ń dùn.”

“Ibo?”

“Ìwé tí ẹ ń kà ni. Ẹ mọ ohùn Bàbá sín jẹ o! Mo ti pa iṣẹ́ oníṣẹ́ tì.”

“Ọmọ́jọlá, n kò la ẹnu mi.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ mi. Ó wo ìwé tó wà nínú ọ̀rá. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

Mo pe Ìbàdàn. Ayọ̀díjí gbé fóònù fún ìyá rẹ̀, mo sì sọ ohun tí Ọmọ́jọlá gbọ́.

“Sọ fún un pé mo ń bọ̀.”

“Mama…”

“Dàmọ́lá, sọ fún un.”

Ojú tì mí. Mo dìde, mo kọjú sí àga tó ṣófo. “Bàbá, Mama ní àwọn ń bọ̀, sà.”

Ohun gbogbo dúró jẹ́ẹ́. Aṣọ fèrèsé kò mì. Mo yíjú sí Ọmọ́jọlá láti sọ pé kó máa padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ dúró, sà,” ló wí jẹ́jẹ́. “Wọ́n ń dáhùn.”

Mo dẹtí títí etí fi ń ro mí. Kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n omi ń dà lójú Ọmọ́jọlá, kò sì nù ún.

“Kí ni wọ́n wí?”

“Ẹ ní kí bọ̀dá Ayọ̀díjí gbé Mama wá. Kó má fi falẹ̀.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti bi í léèrè lẹ́yìn ìyẹn. Kò tíì sọ fún mi.

Ayọ̀díjí gbé wọn wá. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mama ń jẹun báyìí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án bíi ti tẹ́lẹ̀. Orí ẹní ni mo máa ń jókòó sí, láàárín àga méjèèjì.

Lánàá, mo mú ìwé tuntun kan wá láti Òṣogbo, kí ìwé má bàa tán nílẹ̀. Mo gbé e lé àpótí. Mama fi ọwọ́ wá a kàn, wọ́n sì rọra tì í padà sí mi.

“Gbé e lọ sílé, Dàmọ́lá. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ òun yìí ló kẹ́yìn. Òun kò ní í bẹ̀rẹ̀ òmíràn.”

“Ó ku ojú ìwé mélòó, mà?”

Níta, ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́. Mama tẹ̀ síwájú lórí àga wọn.

“Jẹ́ kí n gbọ́,” ni wọ́n wí.

Mo dákẹ́.