Ẹlẹ́rìí Ara Ògiri

Òòlù ni Wágídì kọ́kọ́ rí kí ó tó rí obìnrin náà. Ó fò kọjá létí rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì já sísàlẹ̀ gbàà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn Àlhájì Mẹtuwálì, onílé, lókè.

“Jáde! Ta ló ní kí o máa lu ògiri mi?”

“Ẹni tó fẹ́ rà á ni, Àlhájì,” obìnrin náà dáhùn. “Ẹ sì lè tún jù ú o, òmíràn wà nínú báàgì mi.”

Wágídì lẹni tó fẹ́ rà á. Ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté Alẹkisáńdíríà, yàrá mẹ́ta ní àjà kẹrin ilé yìí ni apá rẹ̀ sì ká. Òun ló háyà Ṣahínda, ẹnjiníà tó ń bá èèyàn yẹ ilé wò kí wọ́n tó rà á. Orí fóònù nìkan ni wọ́n ti bára sọ̀rọ̀.

Nígbà tó fi débẹ̀, Àlhájì ti di ìborùn obìnrin náà mú. Wágídì ò bèèrè ohunkóhun, ó gbá Àlhájì létí. Àlhájì fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ bo àyà. Ṣahínda bọ́ sáàárín wọn tòun ti òòlù kejì.

“Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ mi ná. Tí mo bá lọ tán, kí ẹ para yín.”

Ibẹ̀ gan-an, pẹ̀lú imú wíwú, ni ìfẹ́ ti wọ Wágídì lára.

“Ṣé ẹ gbọ́ bí òpó yìí ṣe ń dún bí àgbá òfìfo?” Ṣahínda bi Wágídì. “Iyọ̀ òkun ti ń jẹ irin inú ẹ̀. Ilé tó ti gbó, tí wọ́n wá kun ògiri kan ṣoṣo lọ́dà tuntun, ẹ bi onílé pé kí ló ń bò mọ́lẹ̀.”

Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lára ògiri náà kúrò. Ògiri sán láti òkè délẹ̀. Ó po ẹfun tó máa ń tètè gan, ó fi dí ojú sísán náà níbì kan, ó sì kọ ọjọ́ àti orúkọ ara rẹ̀ sí i.

“Ẹlẹ́rìí nìyí. Tó bá wà lódindi fún oṣù mẹ́ta, ẹ rà á. Tó bá là, ilé yìí ṣì ń rìn lọ síbi wíwó nìyẹn.”

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n jọ ń lọ wò ó. Àlhájì á bú wọn wọlé, á bú wọn jáde. Wọ́n á wá jókòó létí òkun, wọ́n á jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́dọ̀. Nígbà tí oṣù kejì fi parí, “ẹ” ti di “o”, “ẹnjiníà” sì ti di “ìfẹ́ mi”.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ti bàbá Ṣahínda tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilé ló ń wò kó tó fọmọ fọ́kọ.

“Kọ́kọ́rọ́ dà?” ó bi Wágídì, ó sì fọ́ ife tíì mọ́lẹ̀. “Tí oṣù yìí bá fi parí tí mi ò rí kọ́kọ́rọ́, má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́!”

Ní Ọjọ́rú, Wágídì nìkan lọ wo ògiri. Ẹlẹ́rìí ti là sí méjì. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó nu ojú tán, ó po ẹfun mìíràn, ó fi rọ́pò rẹ̀, ó sì kọ ọjọ́ àti orúkọ tí Ṣahínda kọ sí ti àkọ́kọ́ sí i.

Ní Jímọ̀, bàbá Ṣahínda tẹ̀ lé wọn wá. Ṣahínda bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa á, ó sì dìde wìrì.

“Èmi kọ́ ni mo kọ èyí. Àlhájì, ẹ ti tún un ṣe!”

“Èmi? Wàlláì, n ò fọwọ́ kàn án!”

“Irọ́ lẹ pa!”

Àlhájì gbá a lójú, ó ṣubú lu ògiri, ètè rẹ̀ bẹ́.

“Èmi ni!” Wágídì kígbe. “Èmi ni mo ṣe é, Ṣahínda! Ó ti là, mo dí i!”

Ó gba òòlù, ó ń fi lu òpó náà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Sìmẹ́ńtì ya lulẹ̀, irin tó ti dógùn-ún hàn síta, ó ń dà bí èlùbọ́. Àlhájì yọ páìpù irin, ó là á mọ́ ọn lápá. Egungun dún. Ó tún gbé e sókè, ṣùgbọ́n bàbá Ṣahínda ti fi ọ̀pá lù ú lórí.

Ṣahínda ò wo ẹnì kankan nínú wọn. Ó ń gbá ilẹ̀kùn ìdílé mọ́kànlá tó ń gbé inú ilé náà, ó ń kígbe kí wọ́n kó ọmọ wọn jáde.

Ní ọsibítù, bàbá rẹ̀ jókòó ti ibùsùn Wágídì.

“Ọmọ, o lè purọ́ fún mi, o sì lè gba irin sápá nítorí ọmọ mi. Mo ti dárí jì ọ́. Ilé o, kò sílé o, mo fún ọ.”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbà,” Ṣahínda dáhùn látẹnu ọ̀nà. “Èmi ò gbà.”

“Ṣé o ò nífẹ̀ẹ́ mi mọ́ ni?” Wágídì bi í.

“Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, ó ń dùn mí dé eegun.” Omijé ń bá ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀ wálẹ̀. “Ìdílé mọ́kànlá ń sùn níbẹ̀, Wágídì. Orúkọ mi lo fẹ́ fi pa wọ́n. Níbikíbi tó o bá kọ́lé sí, tó o ní kí n wá sùn, mi ò ní lè dijú.”

Ó tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe kí apá tó ṣẹ́ náà lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì bá bàbá rẹ̀ lọ sílé.